Orúkọ Ràfíù Nínú Ìwé Ìbọn

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìjókòó opó, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ibi tí mo wà. Mo kí ẹ̀gbọ́n Bàbá tó ń wá jókòó tì yín láràárọ̀. Mo kí Sẹ̀kínà àbúrò mi, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Sẹ̀kínà, níbi tí Yorùbá ìwé mi bá ti le jù, fi èdè Ọ̀kà tú u fún wọn. Mo kí Kàmọ́rù ọkọ rẹ, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé n kò bínú sí i. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Ọ̀kà, àti àwọn tiwa tó wà ní Ìkàrẹ́.

Ìdí tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ọmọ ìlú wa ni pé n kò rí ọ̀nà mìíràn gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Bàbá, ẹ kì í gba fóònù lọ́wọ́ Sẹ̀kínà bí ẹ bá ti gbọ́ pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní ti inú ilé. Sẹ̀kínà ní wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà Ìkàrẹ́ pé ọmọ alágbẹ̀dẹ Ọ̀kà ń rọ ìbọn fún òyìnbó. Ohun tí wọ́n ń sọ níta, ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ níta.

Ẹ̀yin mọ apá àkọ́kọ́ yìí jù mí lọ, àmọ́ àwọn mìíràn tó ń kà á kò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi ń rọ ìbọn ṣakabùlà fún àwọn ọdẹ, láti Ọ̀bà títí dé Ẹ̀pínmì. Òfin kan wà ní àgbẹ̀dẹ wọn: ẹni tó bá rọ ìbọn ló ń kọ́kọ́ yìn ín. Ọdẹ tó ni ín á dúró lókèèrè, alágbẹ̀dẹ á ki ẹ̀tù sí i, á gbé e lé èjìká ara rẹ̀, á sì yìn ín sí ara àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Bí ìbọn yóò bá pa ẹnì kan, ẹni tó rọ ọ́ ni kó pa. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ọdẹ kan wá láti Ẹ̀pínmì, ó ń kánjú. Bàbá ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ti lọ sí mọ́sáláṣí. Bùrọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́, ní kí ọkùnrin náà má dúró pẹ́, òun á yìn ín dípò wọn. Ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé ìwé ni mo wà. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti da aṣọ bò ó, Bàbá sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Jímọ́ọ̀ lọ́rùn wọn, wọ́n ń ṣa àfọ́kù irin náà jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ tún un rọ.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ́ àti àdá nìkan ni Bàbá ń rọ. A kì í sì í dárúkọ Ràfíù lásán nínú ilé wa. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ó ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a ó dákẹ́ díẹ̀, kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo mọ òfin yìí. N kò lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìlú òyìnbó tí mo wà yìí, òtútù kì í lọ tán. Bí ó bá kúrò lójú ọ̀run, á wà nínú ògiri. Ọyẹ́ orí òkè Ọ̀kà máa ń gé ètè èèyàn, àmọ́ bí oòrùn bá yọ, ó ti tán nìyẹn. Èyí máa ń bá mi wọ inú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò mi láti ara ògiri. Ọdún méjì ni a ti jọ ń gbé, n kò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò mọ tèmi. Iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe eré orí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà, nítorí òun ni gbogbo ẹjọ́ yìí dá lé. Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa pa àlọ́, àwọn yòókù ló sì wà nínú àlọ́ náà. Ọ̀kan á ní òun ni ọ̀gá ọkọ̀, òmíràn á ní òun ni olè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣe nǹkan, á da díìsì bíi ti lúdò, díìsì ni yóò sọ bóyá ó rí i ṣe. Ayé tí kò tíì dé ni wọ́n ń pa lálọ̀ọ́, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gba àárín ìràwọ̀ kọjá bí a ṣe ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Àrígìdì. Kàmọ́rù bi mí nígbà kan pé ṣé àwọn àgbàlagbà onírùngbọ̀n ló ń jókòó ṣe èyí láti àárọ̀ dalẹ́, tí ìyàwó wọn kò sì lé wọn jáde. Mo ní àwọn ìyàwó wà nídìí tábìlì náà, àwọn ló tiẹ̀ ń yìnbọn jù.

Ìbọn wà nínú àlọ́ náà, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹnikẹ́ni rí rí. Ìbọn ọjọ́ iwájú ni, tí wọ́n yà bí àwọn bàbá àgbà wọn ṣe rò pé ọjọ́ iwájú yóò rí: ara idẹ, ìdí igi dídán bíi ti rédíò àtijọ́, òrùka mẹ́ta mẹ́rin lọ́rùn, gíláàsì rogodo lẹ́nu bíi ti lántánì. Kò lo ẹ̀tù, kò lo ọta. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, inú ìwé nìkan náà sì ni. A máa ń fi òjé ṣe kékeré wọn tí kò gùn tó ìka, tí a ń fi lé ère àwọn ẹni inú àlọ́ náà lọ́wọ́. Èyí tó bá tóbi, tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, igi ni mo fi ń gbẹ́ ẹ. Kò ní ihò. Ẹ̀yin ará ọjà Ìkàrẹ́, ìbọn tí mo ń rọ fún òyìnbó nìyẹn.

Bí mo ṣe kúrò nídìí ìgbálẹ̀ ni pé ní ọjọ́ kan, mo rí àwòrán ìbọn kan lórí tábìlì ọ̀gá mi, obìnrin àgbàlagbà kan tó máa ń wọ súwẹ́tà méjì papọ̀. Mo sọ fún un pé ìbọn yìí yóò pa ẹni tó bá yìn ín, nítorí irin ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ẹnu lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni agbára iná pọ̀ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní pẹ́ńsùlù. Inú mi dùn, Ìyá. N kò ní purọ́ fún yín.

Wọ́n ń kọ ìwé kan nígbà náà, ìwé ìbọn, tí àwọn tó ń ṣe eré náà yóò máa wò. Ojú ewé kan wà nínú rẹ̀ fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìbọn bá yí padà sí ẹni tó gbé e. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo mọ irú rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá Ràfíù fún un. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan bi mí léèrè nípa ilé, tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ bóyá a lè kọ ọ́ sínú ìwé, àti pé kí ni ká máa pè é. Mo ní ká pè é ní Ràfíù.

Òun kọ́ ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni. Bí díìsì mẹ́ta bá jáde ní oókan, ìbọn bẹ́ mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́, Ràfíù nìyẹn. Mo rò pé bí àwọn èèyàn wa ṣe ń kọ orúkọ òkú wọn sára kànga tí wọ́n gbẹ́ ní sàdákà ni mo ṣe. Mo ní ẹni tí kò kúrò ní Àkókó rí, orúkọ rẹ̀ yóò rìn. Àmọ́ ẹni tó bá mu omi kànga ń ṣàdúrà fún ẹni tó ni orúkọ náà ni. N kò ronú kan ohun tí èèyàn ń ṣe bí nǹkan bá bẹ́ nínú eré. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Ilé iṣẹ́ wa gbé fídíò kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún wà nídìí tábìlì. Ọ̀kan da díìsì, oókan mẹ́ta jáde, gbogbo wọn pariwo Ràfíù, ọ̀kan sì rẹ́rìn-ín títí ó fi yẹ̀ lórí àga. Ìbọn kan tí mo gbẹ́ wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Òun ni mo fẹ́ kí Kàmọ́rù rí tí mo fi fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Mo ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ọ mọ́. Kàmọ́rù, nítorí ìfẹ́ tó ní sí mi, gbé e lọ bá Bàbá nínú àgbàlá. Sẹ̀kínà ní Bàbá ní kó tún fi fídíò náà han òun. Ó tún fi hàn wọ́n. Wọ́n ní kó fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n dá fóònù padà fún un, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọlé.

N kò mọ ohunkóhun nínú èyí. Mo kàn ń pè ni. Wọ́n á ní Bàbá ń sùn. Bí mo bá tún pè, wọ́n á ní wọ́n wà lóko, tàbí wọ́n ń kírun. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń dé síni nìyẹn. Owó oògùn tí mo ń fi ránṣẹ́, n kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí ni Bàbá ti ń pín in fún àwọn alágbe tán.

Bàbá kú láàárọ̀, wọ́n sin wọ́n kó tó di àsárì. Ìbọn òjé kan ni mo ń kùn nígbà tí fóònù dún, ọ̀dà aláwọ̀ idẹ wà ní ìka mi. N kò sí níbi tí wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, n kò da erùpẹ̀ sí sàárè wọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Sẹ̀kínà sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé fóònù fún yín, mo sì gbọ́ ohùn yín lókèèrè. Ẹ kò bú mi. Ẹ ní, "Sọ fún un kó bá mi gba orúkọ ọmọ mi wálé."

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti ìgbà náà nìyẹn, Ìyá. Ọ̀gá mi sunkún nígbà tí mo sọ fún un. Wọ́n ti yọ fídíò náà kúrò. Ìwé tí wọ́n bá tún tẹ̀, orúkọ náà kò ní sí nínú rẹ̀. Ìṣòro mi ni èyí tí wọ́n ti tà. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe eré náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́yìn àwọn tó wà nídìí tábìlì títí orúkọ náà fi jáde. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni Ràfíù. Mo ní ó máa ń súfèé bí ó bá ń fẹ́ ẹwìrì, pé kì í jẹ ẹran tán kó má ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi. Ọmọbìnrin kan mú báírò, ó pa orúkọ náà rẹ́ nínú ìwé tirẹ̀, ó sì gbé ìwé náà wá hàn mí bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ kí tíṣà wò ó.

Gbogbo wọn kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú kejì, ọkùnrin kan ní owó òun ni òun fi ra ìwé òun, pé eré ni, kí n lọ sinmi. Ó sì tún da díìsì lójú mi. Òmíràn bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí wá ni kí wọ́n máa pè é. Mo ní kí wọ́n má pè é ní nǹkan kan. Bí ìbọn bá bẹ́, kí wọ́n dákẹ́.

N kò lè gba orúkọ náà wálé tán. Kò yẹ kí n tàn yín. Àwọn kan ti kọ̀wé sí mi láti ìlú tí n kò dé rí pé àwọn ti pa á rẹ́, àmọ́ àwọn tí kò kọ̀wé pọ̀ jù wọ́n lọ. Bí Sẹ̀kínà ṣe ń ka ìwé yìí sí yín létí, ẹnì kan ń da díìsì níbì kan.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí mo bá dùbúlẹ̀ tí mo fẹ́ rántí bí ẹ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ohùn àwọn onítábìlì ló ń wọlé sí mi. Tiyín ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Màá pè ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹ kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ má bá mi sọ ọ́. Ẹ má dáhùn ìkíni mi. Kí Sẹ̀kínà ṣáà gbé fóònù sún mọ́ yín, kí ẹ pe Ràfíù lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ ṣe máa ń pè é kó wá jẹun, kí ẹ sì pa fóònù náà.

Ọlọ́run yóò tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, yóò fi ìrọ̀rùn mú ọjọ́ opó yín parí. Kò ní jẹ́ kí ẹ tún fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ilé, ẹ kí àwọn ọmọ Sẹ̀kínà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni Mùídì, ọmọ yín ọkùnrin tó kù.