Iná Tí Àjàmú Fi Sí Igbó

                                        Ilé Ládòkun,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìwéré-Ilé.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Èrèlé, 2025.

Ifádùnní, àbúrò mi,

Waheedat, ìyàwó Ládòkun ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó fẹ́ kọ "ọ̀wọ́n" sẹ́yìn orúkọ rẹ, mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kisi? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ ò bá yín jà púpọ̀? Ara tèmi le. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí kí wọ́n tó bí Waheedat. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá sunkún, mi ò sì ní lè sọ̀rọ̀ mi tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

O rántí bí iná oko ṣe jó abà Mákánjúọlá lẹ́ẹ̀rùn èṣí, tí ìyá rẹ̀ kò ráyè jáde. Ìwọ náà wà níbi ìsìnkú. Lẹ́yìn rẹ̀ la pe ara wa jọ, àgbẹ̀, ọdẹ àti àwọn Fúlàní tó ń da màlúù lẹ́bàá odò. A fẹnu kò pé a ó ro etí oko fífẹ̀ yíká, kí iná má rí koríko jẹ níbẹ̀. Gìdádò, olórí àwọn Fúlàní, ní òun á máa da màlúù gba ibẹ̀ kí koríko má tún ga. Àwọn ọdẹ tó ń finá lé òyà jáde ní àwọn ò ní dá a ṣe mọ́: kí ọyẹ́ tó dé, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, ni wọn ó máa jó igbó, gbogbo wa á sì dúró tì í pẹ̀lú omi àti ewé tútù. Àjàmú àbúrò wa, tó jẹ́ olórí ọdẹ, ló gbẹnu sọ fún wọn. Ó fi ahọ́n kan àdá, ó búra.

Èmi àti Àjàmú la jọ ń lọ láti ilé dé ilé. A dé mọ́sáláṣí, a dé ilé-ìwé, a dé ọjà. Èmi ń sọ fáwọn obìnrin pé kí wọ́n bu omi pa ẹ̀yíná kí wọ́n tó kúrò lóko. Òun ń bá àwọn ọkùnrin wí. Ó máa ń ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ò lè pa òyà kan láìjó igbó, ẹ lọ ra ẹja lọ́jà, ẹ yé pe ara yín lọ́dẹ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ le jù, iná jó. Ó jó oko kajú mi, gbogbo apá tó kọjú sódò. Ìyẹn ò dùn mí tó ti Rùkáyàt, opó tá a jọ pààlà oko. Ó sáré lọ kó láfún tó sá sórí àpáta, iná ká a mọ́bẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó. Kò tíì lè fi wọ́n di ọkọ́ mú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àjàmú fi itan òyà ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, kò sí ẹran tó pa tí kì í fi itan rẹ̀ ránṣẹ́, torí èmi ni àgbà. Mi ò fura. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ wo oko. Mo rí ibi tí wọ́n ta àwọ̀n sí lẹ́bàá odò, ẹsẹ̀ ajá kún ibẹ̀, èèkàn àwọ̀n ṣì dúró nílẹ̀. Fúlàní kì í ta àwọ̀n fún òyà. Mo sì mọ èèkàn yẹn, ẹ̀ka igi àyìn inú oko mi ni Àjàmú fi gbẹ́ ẹ.

Mo lọ bá a nílé. Mo ní, "Àjàmú, níbo lo ti pa òyà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ ẹran, ẹ yé bèèrè igbó."

"Ṣé ìwọ lo finá sí i?"

Ó wolẹ̀. Ó ní àwọn ọdẹ kan ń bọ̀ wá kí òun láti Ìṣẹ́yìn, ojú sì ń ti òun kí wọ́n bá ilé olórí ọdẹ láìsí ẹran. Ó ní díẹ̀ lòun fẹ́ jó, atẹ́gùn ló gbà á lọ́wọ́ òun. Mo ní kó wá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní òun ti gbọ́.

Ìpàdé pé, ó dìde, ó ní àwọn Fúlàní tó ń se tíì ló fi iná sílẹ̀. Kò wo ojú mi. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí Gìdádò kó ẹrù rẹ̀. Gbogbo ohun tí Gìdádò sọ ni, "Àjàmú, èmi?"

Mo dìde. Mo ní, "Àjàmú ló ṣe é. Mo rí èèkàn rẹ̀, ó sì ti jẹ́wọ́ fún mi."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí Fúlàní?"

Mo ní, "Nítorí ọwọ́ Rùkáyàt."

Nígbà tá à ń lọ sílé ló fìbínú sọ fún mi pé ọjọ́ tí iná jó lòun ti pè ọ́, pé ìwọ lo ní kóun sọ pé Fúlàní ni. Mo ní irọ́ ló ń pa. Àfi bí o ṣe rán Ìyápọ̀ ọmọ rẹ sí mi pé kí n lọ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, kí n fi ẹ̀bi náà sílẹ̀ sọ́rùn Fúlàní, torí ìyá kan ló bí wa. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò parọ́. Ìyá kan ló bí wa, mo mọ̀. Mo wà nílé nígbà tó bí ẹ̀yin méjèèjì.

Gìdádò ò gba ẹ̀bẹ̀ wa. Ó ti da màlúù rẹ̀ lọ síhà ọ̀dọ̀ yín. Àwọn ọdẹ tó kù ń bèèrè bóyá ìbúra ṣì mú àwọn, nígbà tí olórí àwọn ti dà á. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, èmi nìkan. Àwọn kan ní kí n lọ kọ́ àbúrò mi ná.

Wá Gìdádò rí ní Kisi. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé ìwọ lo fi orúkọ wọn sí Àjàmú lẹ́nu. Láìsí màlúù rẹ̀ létí oko, a ò lè ro ibẹ̀ tán kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé. Bó bá kọ̀ láti padà, ó kéré tán, ó ti gbọ́ òótọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Kí Ìyápọ̀, kò mọ ohun tó gbé wá. Rùkáyàt náà ní kí n kí ọ dáadáa, ó ní àárò rẹ ń sọ òun. Mi ò tíì sọ ohun tó o ṣe fún un. Ìwọ ni mo fi í sílẹ̀ fún.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ni mí,
                                        Ṣàngóbùnmi, Ìyá Ládòkun.