Orúkọ Tí Mo Sọ Ọkọ Mi Kékeré

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹwàá, 2024
Ọkọ Kékeré fara pa lónìí. Bọ́ọ̀lù àárọ̀ tí wọ́n máa ń gbá yẹn náà ni. Ìgúnpá ẹnìkan ló bà á lẹ́nu — eyín iwájú méjì jáde, ẹ̀kẹta kán. Taoheed ọkọ mi ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá wọn ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Àbúrò ọkọ ni, àmọ́ ó ti di tèmi.

Àìkú, 6
Ìtìjú pa mí. Wọ́n mú un dé lọ́sàn-án, àwọn ará ilé ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayọ̀ gbé mi débi pé mo kúnlẹ̀, mo fi gbogbo ohùn kí i: "Eyínfúnjowó! Ẹ káàbọ̀ o!"

Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Mushin níbí, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Màmá mi kìlọ̀ fún mi ní Surulere kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀: wò wọ́n dáadáa, ohun tó bá dára jù lára kálukú ni kí o fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo wo àbúrò ọkọ mi, eyín ni mo rí. Ó funfun báláú, ó tò régé. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta bàtà ní Tejúoṣó. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé yìí pàápàá, ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́.

Lónìí ẹnìkan fi ẹ̀rín sínú lẹ́yìn mi. Ọkọ Kékeré fọwọ́ bo ẹnu, ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́rú, 9
Mi ò mọ ohun tí mo lè pè é mọ́. "Ẹ gbọ́ ná." "Ẹ jọ̀ọ́." Bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 12
Ó padà sọ́jà, kò pẹ́ tó fi dé. Ẹ̀rín ló fi ń tajà tẹ́lẹ̀ — báyìí, ìka ló fi ń tọ́ka. Dókítà eléyín ní kí egbò jinná ná, ó di ọdún tuntun kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Taoheed ní kí n máa ṣe sùúrù fún un.

Ọjọ́bọ̀, 17
Sùúrù! Ta ló ń po ògì fún un láàárọ̀? Ta ló ń se ẹ̀wà títí á fi rọ̀ múyẹ́múyẹ́? Kò kí mi. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Inú ń bí mi.

Àìkú, 20
Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí ojú tì mí tán.

Lydia ọ̀rẹ́ mi wá láti Yaba. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọ́nnu fún un pé ilé ọkọ mi mọ̀wà. Ni Ọkọ Kékeré bá gba pálọ̀ kọjá, ọwọ́ lẹ́nu, kò wo ẹnikẹ́ni, kò kí àlejò. Ara mi gbóná. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ — eékún méjèèjì — mo wá fi oyin sóhùn: "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ kí àlejò wa. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀."

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Kì í ṣe àṣìsọ ọjọ́sí. Mo fẹ́ kó dùn ún.

Lydia pàtẹ́wọ́: "Háà, orúkọ yìí mà dùn o! Kò sẹ́ni tó máa ń pe èmi báyìí." Ọkọ Kékeré wò mí, ó jáde.

Ọjọ́ Ajé, 21
Ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Taoheed bi mí. Mo ní, "Ṣé orúkọ tuntun ni? Ṣebí bí mo ṣe ń pè wọ́n náà nìyẹn?" Ìyá wọn gbè mí, wọ́n kọjú sí ọmọ wọn: "Ìyàwó tó kúnlẹ̀ kí ọ, o ní ó bú ọ? Ta ló tún ń kúnlẹ̀ ní Èkó yìí? Bẹ̀ ẹ́, jàre!"

Ó bẹ̀ mí. Ó bẹ̀ mí! Mo sì ní ó ti tán nínú mi.

Ìṣẹ́gun, 22
Mo gbé ògì rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo sá padà sí ìdí ààrò.

Jímọ̀, 25
Wọ́n kírun dé. Mo pàdé Ọkọ Kékeré lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀. Ìyá wọn wà níbẹ̀, Taoheed náà wà níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ Ajé, mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ ni, èébú ni mo fi ṣe. Ìyá wọn dijú. Mo ní mo ti ro orúkọ mìíràn — Adúmáadán. Ó dúdú, ó ń dán, ta ló lè jà á níyàn?

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má sọ mí ní nǹkan kan mọ́. Ẹ máa pè mí ní Awwal."

Mo ní ẹnu mi ò gbà á.

"Gbogbo ẹni tó ń ra bàtà lọ́wọ́ mi ló ń pè é. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Mo wo Taoheed. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo pè é. "Awwal."

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́nu, ó dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá oníbàárà lóhùn: "Mà?"