Àwòrán Baba àti Ìbéèrè Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Kíláàsì tí mo ń ṣe ní láìbìrì ilé ìwé wa lọ dáadáa lónìí. Ó lọ dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí màá ṣe kọ́ àwọn ọmọ SS Kejì láti máa yẹ ìròyìn wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Àlàyé ẹnu lásán máa ń sun wọ́n lóorun. Torí náà mo jókòó, mo kọ irọ́ kan sórí bébà, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: pé bàbá àgbà kan ń jí ọmọ gbé ní Ìgándó, pé ó máa ń gbé àpò kọ́ èjìká, pé nǹkan dídùn ló fi ń tan àwọn ọmọdé. Mo fi fọ́tò sí i. Fọ́tò Baba mi ni, èyí tí mo yà nígbà Iléyá, pẹ̀lú àpò wọn àti ilà ojú wọn. Mi ò fẹ́ lo ojú ẹni tí mi ò mọ̀, kí n má lọ kó bá onítọ̀hún. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Baba ń gbé, ta ló mọ̀ wọ́n l'Ékòó?

Lẹ́yìn náà ni Ìbéèrè Mẹ́rin. Ta ló sọ ọ́? Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, níbo? Kí ló fẹ́ kí n ṣe? Ta ló tún sọ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni yìí? Wọ́n wá ìdáhùn títí, wọn ò rí. Tómisìn — Lọ́yà ni mo ń pè é nínú ọkàn mi — dìde, ó ní, "Ma, a ò tíì mọ̀. Ká má fi ránṣẹ́." Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú.

Mi ò sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ ọ́. Kí iyèméjì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí kálukú mú bébà náà lọ sílé, kó fi Ìbéèrè Mẹ́rin kọ́ àgbà kan. Kí ọmọ kọ́ òbí — mo fẹ́ràn rẹ̀ jọjọ. Bébà ò kárí, mo tún tẹ òmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mọ́mì Fisáyọ̀, alábàágbé wa, kan ilẹ̀kùn kíṣìnnì tòun ti fóònù lọ́wọ́. "Mọ́mì Hamdalah, ẹ wò ó o! Ẹ má jẹ́ kí Hamdalah máa dá jáde mọ́ jàre. Wọ́n ti rí i ní Ẹ̀gbẹ́dá."

Baba mi ni. Ẹnì kan ti fi fóònù ya fọ́tò bébà mi. Àmọ́ Ẹ̀gbẹ́dá kẹ̀? Ìgándó ni mo kọ.

Mo ní irọ́ ni. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Irọ́ báwo? Ìyàwó pásítọ̀ wa ló fi ránṣẹ́ ṣá." Ọdún yìí la kó débí, kò tíì rí Baba rí. "Baba mi nìyẹn" dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Ojú tì mí.

Ọjọ́rú, 15

Mo lọ bá Ọ̀gá Rọra — Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wa, tí kì í la ẹnu láìfi "ẹ rọra" ṣíde. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. "Ẹ rọra, Ìyáàfin. Táwọn òbí bá gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wa lọ̀rọ̀ yìí ti jáde, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ. Ẹ̀yin náà á sì wá iṣẹ́ mìíràn." Ó ní òun á bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kò ní sí orúkọ ilé ìwé, kò ní sí tèmi, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ ní kíláàsì.

Mo gbà. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri nípa bàbá kan kì í ṣe òótọ́." Ó tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Tómisìn mú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Rọra wá sí kíláàsì. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú gbogbo wa. "Ta ló sọ ọ́? Kò lórúkọ. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, níbo? Kò sọ. Kí ló fẹ́ ká ṣe? Ká dákẹ́. Ta ló tún sọ ọ́? Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ti bàbá yẹn, ma, ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ ní àdúgbò Command, wọ́n sọ ọ́ ní Ayọ̀bọ̀. Lọ́jọ́ yẹn a ò tíì mọ̀. Ní báyìí, a ti mọ̀."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tí mo kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe. Mo la ẹnu. Ọ̀gá Rọra ń kọjá lójú fèrèsé. Mo ní, "Ó dáa, jókòó."

Àṣìṣe ẹ̀kọ́ mi: mo ní kí wọ́n wá ẹni tó tún sọ ọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún wọn pé gbogbo ìlú lè máa tún ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo sọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 20

Wọ́n ti fi kún un: "Tí ẹ bá rí i, ẹ má dúró de ọlọ́pàá."

Ọjọ́rú, 22

Wọ́n mú káfíńtà arúgbó kan ní Ayọ̀bọ̀ nítorí àpò iṣẹ́ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan ló dá a mọ̀ tó gbà á sílẹ̀, eyín rẹ̀ ti ká kó tó débẹ̀. Kò tiẹ̀ nílà lójú!

Baba sì ń múra láti wá rí dókítà ojú lọ́dọ̀ wa. Mo pè wọ́n kíá, mo ní kí wọ́n má wá, Èkó ò rọgbọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àdíjá, ìgbà wo l'Èkó rọgbọ rí?"

Ọjọ́bọ̀, 23

Baba ti dé. Mo bá wọn nínú pálọ̀ nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, Hamdalah ń jẹ aádùn látinú àpò wọn. Òjò ló yọ wọ́n: wọ́n fi ọ̀rá bo orí bo ojú nínú kẹ̀kẹ́ títí dé ẹnu géètì.

Gàníyù, ọkọ mi, mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. "Sọ fún wọn, àbí kí n bá ẹ sọ ọ́?" Mo ní èmi ni màá sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kojú bàbá tó bí mi, kí n sọ pé mo fi ojú wọn ṣe ojú ajọ́mọgbé? Mo purọ́ pé àwọn ọmọ ìta ń jà ládùúgbò, kí wọ́n má jáde. Mo gbé àpò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Wọn ò lọ kí Jímọ̀. Wọ́n bínú. "Ọmọ mi sọ mí di ẹlẹ́wọ̀n." Mo fi áyọ́ọ̀nù lọ bùbá aláwọ̀ ewé wọn fún wọn, bóyá inú wọn á rọ̀. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ, màá sọ ọ́. Dandan ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo wọlé, bàtà Baba ò sí níbẹ̀. Àpò náà ò sí. Hamdalah ní, "Baba ní àwọn fẹ́ lọ kírun Làásárì, àwọn á sì fún àwọn ọmọ ilé kéú ní aádùn."

Gàníyù ti sáré jáde. Ó ní kí n dúró, bóyá wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn dé. Fóònù wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń kọ èyí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe.

Fóònù mi dún. Gàníyù kọ́. Tómisìn.

Fọ́tò tuntun. Baba láàárín àwọn ọmọdé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àpò léjìká, ọwọ́ nínú àpò. Bùbá aláwọ̀ ewé. Ojú ibi tí mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ṣì dúró gan-an lápá rẹ̀.

"Ma, èmi ni mo yà á fúnra mi. Ìsinsìnyí ni, ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí. Mo ti bi Ìbéèrè Mẹ́rin kí n tó ṣe nǹkan kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Mo ti wá fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn."

Mo pè é. Kò gbé e.

Ariwo ti sọ lọ́nà mọ́sáláṣí. Mò ń lọ. Màá kígbe pé Baba mi ni, màá kígbe títí ohùn mi á fi há. Èmi nìkan ni màá sì máa sọ ọ́.