Ibi Tí Omi Ń Gbà: Sí Ìyá Mi ní Inísà, Nítorí Ilé Tí Mo Fẹ́ Rà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú yín láti ìhín, bí òkun tilẹ̀ wà láàárín wa. Kí n tó kí ẹlòmíràn nínú agbo ilé, ẹ jẹ́ kí n pọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ ra ilé. Kì í ṣe ní Inísà, kì í ṣe ní Ìkìrun. Níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, nílẹ̀ onílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbé orí sókè báyìí. Oyèbísí àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín náà á ti dúró, á máa wojú yín. Oyèbísí, má dúró, máa kà á lọ. Mo fi í sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kí ó lè jẹ́ pé gbangba ni mo ti sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ mọ̀ mí. Ká ní ìkọ̀kọ̀ ni mo ti kọ ọ́ sí yín, ó ṣeé ṣe kí n kọ òmíràn tẹ̀ lé e pé mo ti yí ọkàn padà.

Ẹni tí kò mọ̀ wá lè ní kí ló burú nínú kí ọmọ ra ilé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí ojú yín rí ní Gáná. Abọ́ tánganran lẹ̀yin àti Bàbá ń tà ní Kumasi, èrè rẹ̀ lẹ fi kọ́lé, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbó rárá nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ sílùú rẹ̀. Mo ti tó ọmọ tó ń ru ẹrù nígbà náà. Àpótí abọ́ ni mo rù, ẹ̀yin pọn Oyèbísí, Bàbá sì ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń lọ sọ́jà tó máa padà lálẹ́.

Bàbá kò pẹ́ láyé mọ́ lẹ́yìn tí a dé Inísà. Wọn kì í dárúkọ ilé náà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí àìsàn ti dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n ní ọmọ àwọn kankan kò gbọdọ̀ ní ilé níbi tí wọ́n ti lè lé e. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá síbí, òun ló sì ń fà mí sẹ́yìn nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ ṣí ẹsẹ̀. Bàbá ti lọ. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè tú mi sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ lójú yín rí, torí a kì í yin ara wa nílé wa. Ẹ tó obìnrin, Ìyá mi. Ẹ pàdánù ilé, ẹ pàdánù ọkọ, ẹ ò sì jókòó ti ògiri kí ẹ máa retí ẹni tó máa ṣàánú yín. Èlùbọ́ lẹ mú. Ẹ ń rà á lọ́jà Òkukù, ẹ ń kó o sí rélùwéè lọ sí Èkó. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìkìrun, mo máa ń wá kí yín ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, n ó bá yín lórí àpò, ẹ ó máa bá àwọn alágbàrù jà, ẹ ó sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé bó bá ya àpò yín, ẹ̀yin ni yóò rù délé dípò rẹ̀, ẹnu yín sì wúwo ju àpò lọ. Ojú máa ń tì mí nígbà náà nítorí àwọn ẹgbẹ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ilé ni mò ń wò tó ń jáde látinú àpò.

Ẹ sì rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́nà Òkukù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn èèyàn máa ń lọ wolẹ̀, kí bàtà wọn má baà bàjẹ́. Ẹ̀yin dúró de òjò. Mo ṣì ń rí yín bí ẹ ṣe da ọ̀rá borí, tí ẹ dúró gbọnin láàárín pápá, tí àwọn tó ń sá lọ sílé ń ké pè yín pé Ìyá Gáná, ṣé orí yín ṣì pé? Ẹ dá wọn lóhùn pé orí yín pé, ẹsẹ̀ yín lẹ fi ń wolẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà. Ní ilẹ̀ àkọ́kọ́, omi dé yín ní kókósẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Ilẹ̀ kejì lẹ rà. Ẹni tó ra ti àkọ́kọ́, mo gbọ́ pé ó ṣì ń gbọ́n omi ní pálọ̀ títí dòní.

Èmi wá ńkọ́? Ìdí mi kò gbélẹ̀ rí. Mo gbé Ìbàdàn, mo gbé Kàdúná, mo gbé Èkó, mò ń kó láti yàrá sí yàrá bí ológbò tó ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri. Ìpìlẹ̀ tí mo fi lélẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, orúnkún ló ga dé tí mo fi í sílẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi bóyá ẹni tó ti ilẹ̀kùn ní Kumasi ti ti nǹkan kan mọ́ inú mi náà.

Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn là ń fọ̀. Inú ilé gbóná bí ìdí ààrò, ìta tutù débi pé òógùn ara mi máa ń di yìnyín kí n tó dé ibi tí mo ti ń wọkọ̀. Òtútù kọ́ ló ń dùn mí jù. Ilé onílé ni. Onílé wa lẹ ìwé mọ́ ògiri kíṣìnnì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ se ẹja gbígbẹ, pé òórùn rẹ̀ ń wọ inú kọ́tìnì òun lókè. Bí àwọn ọmọ bá sáré, a ó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, bàbá òkè ń gbọ́. Fọlákẹ́ ìyàwó mi ní àwọn ọmọ wa ti kọ́ bí a ti í rìn bí olè kí wọ́n tó kọ́ bí a ti í kàwé.

Bí wọ́n ṣe ń ra ilé níbí, mọ́geèjì ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ kan máa yá yín lówó, ẹ ó fi ra ilé, ilé náà gan-an lẹ ó fi dógò lọ́wọ́ wọn títí ẹ ó fi san án tán. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi, ìdógò ni. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí létí yín. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn yá ẹnikẹ́ni. Bùrọ̀dá Múfú, ọmọ Ìkìrun tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní bí àna tuntun ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á wádìí ibi tí o ti ń sùn, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, bóyá o jẹ gbèsè, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ máa ń dúró lójú kan. Ibi ẹsẹ̀ yìí ló bá mi wí jù. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ ìfọṣọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó pa nítorí pé wọn kò ní fẹ́ ẹni tó ń fò kiri. Èmi, Oyèdélé! Bùrọ̀dá Múfú ní òun kò rí ilé tó lè dá ìdí èèyàn dúró kí wọ́n tó rà á rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èmi àti Fọlákẹ́ lọ bá obìnrin ilé-iṣẹ́ náà. Gbogbo ìbéèrè ni mo dáhùn bí ọmọ iléèwé tó kàwé rẹ̀ dáadáa, àfi ìgbà tó bi mí pé ẹni mélòó ló ń jẹ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi, nílé wa, bí wọ́n bá bi àgbàlagbà ní irú èyí, tó ní ọmọ òun méjì péré ni, wọ́n á ní ahun ni. Mo fi àyà gbé e. Mo ka àwọn ọmọ, mo ka ẹ̀yin, mo ka Oyèbísí àtàwọn tiẹ̀, mo ka ìyá Fọlákẹ́ ní Ìbà àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́, ó wá gbé bírò sílẹ̀. Fọlákẹ́ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó fi Yorùbá béèrè bóyá n ó tún ka àwọn ewúrẹ́ ilé mọ́ ọn.

Obìnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí gbogbo àwọn yẹn bá ń jẹ lọ́wọ́ mi lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa yá mi lówó, nítorí kò ní sí ohun tó máa ṣẹ́kù tí n ó fi máa san án. Ó ní kí n lọ rò ó, kí n kọ òtítọ́, kí n mú ìwé náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo jáde bí ẹni tí wọ́n ní kó sẹ́ ìyá rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo sọ fún Fọlákẹ́ pé ó ti parí, pé Bàbá ló ń bá mi jà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni obìnrin ará Òkukù tó lọ sílé dé, tó sì fún wa ní kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ gba ohùn yín sí, àti òrúnlá tí ẹ dì sínú ọ̀rá. A jókòó ti ẹ̀rọ, a ń gbọ́ yín. Ẹ ní ọmọ ará ilé òdìkejì ti Gáná dé, pé ẹ rán an lọ wo ilé wa ní Kumasi. Ẹ ní ilé náà ṣì dúró. Àwọn kan ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ti bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti ń lọ iléèwé. Mo dá téèpù dúró níbẹ̀. Èpè ni mò ń retí. Fọlákẹ́ ní kí n jẹ́ kó máa lọ, pé ìyá mi ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe adájọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí ẹ bi ọmọ náà ni bóyá gọ́tà tí ẹ gbẹ́ sẹ́yìnkùlé ṣì ń gbé omi lọ. Ó ní ó ń gbé e. Ẹ̀rín yín kún yàrá wa. Ẹ ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òjò wọlé bá ọmọ ọlọ́mọ tó ń sùn níbẹ̀. Ẹ ní ẹni tó kọ́lé tí kò gbé e pẹ́, ó ṣáà kọ́lé. Ẹ wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilá bí ẹni pé ẹ ò sọ nǹkan kan: ẹ ní inú ìpìlẹ̀ mi lẹ gbìn ín sí, kí ilẹ̀ náà má baà máa ṣe bí ọmọ òrukàn.

Ìyá mi, mo sunkún. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé tó sì ń ṣàdúrà fún ẹni tó ń sùn níbẹ̀, irú ọkàn wo nìyẹn? Bàbá rí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin rí i pé gọ́tà yín ṣì ń ṣiṣẹ́.

Fọlákẹ́ se òrúnlá náà nígbà tí onílé jáde, tòun ti ẹja gbígbẹ. Ó bù ú fún mi, ó ní kí n jẹun dáadáa, pé pálọ̀ ìpìlẹ̀ mi nílé ni mò ń jẹ yẹn, yàrá ń bọ̀ lẹ́yìn. A rẹ́rìn-ín títí. Àárín ẹ̀rín yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ta ló ń jẹ lọ́wọ́ mi nínú yín? Oyèbísí ń ṣe tíṣà, owó rẹ̀ ló ń ná. Ìyá Fọlákẹ́ lóko. Ẹ̀yin ṣì ń ta èlùbọ́. Owó obì ni mò ń fi ránṣẹ́, mo wá sọ ọ́ di pé mò ń bọ́ gbogbo ilé. Èmi tí mo ti tó bàbá yìí, èmi ni mo ṣì ń jẹ ilá yín.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín tí ẹ sì ní rárá, ẹ ránṣẹ́. Wọ́n á yẹ ìwé náà wò fún oṣù bíi mélòó kan kí owó tó jáde, mo ṣì lè dúró. Mo ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí pa ọ̀rọ̀ Bàbá mọ́, mi ò ní fi ẹnu yín tàfàlà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dé ibojì Bàbá, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn kò gbàgbé. Ẹ sọ fún wọn pé gọ́tà Kumasi ṣì ń gbé omi.

Ẹ bá mi kí ìyá ìjọ àti gbogbo ìjọ wa tó ń fi orúkọ mi sádùúrà. Ẹ kí àwọn àgbà agbo ilé, ẹ kí ọmọ ará ilé òdìkejì, n ó ra bàtà fún un. Oyèbísí, o káre, má jẹ̀ẹ́ kí Ìyá dá gbé àpò mọ́. Ẹ̀mí yín á gùn, Ìyá mi. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi wolẹ̀ kò ní gbọ̀n. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹ ẹ́ pẹ́, ẹ kò sì ní fi ojú sunkún ilé mọ́.

Rédíò ní òjò máa rọ̀ lọ́la. Kí n tó mú ìwé lọ bá obìnrin yẹn, n ó lọ sí àdúgbò tí ilé tí èmi àti Fọlákẹ́ ti yàn wà. N ó da ọ̀rá borí, n ó dúró níwájú rẹ̀ láàárín òjò, kí àwọn òyìnbó tó bá ń kọjá máa wò mí. Bí omi bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, n ó wá òmíràn. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ, n ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ méjì ló ń jẹ lọ́wọ́ mi, n ó sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì ń jẹ lọ́wọ́ yín,
Oyèdélé