Bàbá Tó Ń Lu Agogo Iléèwé Wa

Bàbá mi, Bàbá Agogo,

Ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn àròyé, ṣùgbọ́n ẹ ṣí fìlà, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Wọ́n ka ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ iléèwé wa n'Íkòsì lánàá, orúkọ yín sì wà níbẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó má sí níbẹ̀. Ìwé tí ìgbìmọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ tí ìjọba kọ́ ilé alájà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Kò mẹ́nu ba àtíbàbà onípáànù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi táwọn ọmọ ti ń jókòó lórí ẹní. Kò mẹ́nu ba ríìmù ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá láti ìsọ̀ yín l'Ówódé Onírin, tẹ́ ẹ so mọ́ igi máńgòrò, tẹ́ ẹ sì ń lù láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ṣí ìsọ̀. Inú bí mi gan-an. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ni mo bá gbéra, ó di ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́.

Ẹ̀rí ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń bèèrè. Mi ò ní fọ́tò, mi ò ní ìwé. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n kọ, ta ni ìbá kọ orúkọ yín sílẹ̀? Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni, títí mo fi dé orí ọjọ́ ìgbàwọlé.

Ẹ rántí? Ẹ̀yin ni tíṣà fi sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó bá na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, tó kan etí òsì, kó wọlé. Èyí tí tiẹ̀ ò tó, kó padà sílé lọ jẹ ẹ̀bà sí i. Nígbà tó kàn mí, gbogbo èèyàn rò pé ẹ máa fojú fò ó. Ìwọ̀nba báyìí ló kù kọ́wọ́ mi kan etí. Ẹ dá mi padà lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi, èmi ọmọ bíbí inú yín! Mi ò kí yín fún ọjọ́ mélòó kan, Bàbá, ó ṣì ń dùn mí. Kí ọdún tó yí po, kọ́wọ́ mi sì tó kan etí, ikú mú yín lọ. Ṣé ó dun ẹ̀yin náà lọ́jọ́ yẹn?

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ, màmá àgbàlagbà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó ti Mágodò wá, dìde. Ó ṣí gèlè, ó na ọwọ́ kọjá lórí, ó di etí mú. Bàbá kan láti Mẹ́ńdè náà ṣe é. Kí n tó mọ̀, gbogbo arúgbó tó wà ní gbọ̀ngàn ti di etí mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Akọ̀wé ò bèèrè ẹ̀rí mọ́.

Ríìmù yẹn ṣì wà, Bàbá. Ó ti dógùn-ún, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò yí padà. Lánàá, lẹ́yìn tí wọ́n ka orúkọ yín tán, èmi ni wọ́n fún ní irin kí n lù ú. Orí mi wú. Kí n tó lù ú, mo dúró síbi tẹ́ ẹ máa ń dúró sí, mo na ọwọ́ kọjá lórí ewú mi.

Ó kan etí, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tẹ́ ẹ dá padà, tó ń fi yín yangàn.