Èjí Tí Kò Padà Wá

Rosaline, ìyàwó mi, ọdún méje rèé tí o fi mí sílẹ̀ ní Festac yìí. Wọ́n ní bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́, ọ̀fọ̀ á máa fúyẹ́. Irọ́ ni. Èmi Adébánjí ni mo ń gbé e, mo mọ bó ṣe wúwo tó.

Ọdún méje rèé. Ṣínà ọmọ wa ti kọ́lé rẹ̀ tán lẹ́yìn Apple Junction, ilé tí o gbàdúrà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n wá máa bá àwọn gbé. Mo kọ̀. Ta ni yóò dúró ti àwọn eyín rẹ? Wọ́n ṣì wà lórí pẹpẹ ní pálọ̀ bí o ṣe tò wọ́n, gbogbo eyín pí-ó-pì funfun, àwòkọ ẹnu àwọn èèyàn, tí o kó jọ nígbà tí o ń kọ́ àwọn dókítà eyín níṣẹ́. Obìnrin tó ń bá mi tọ́jú ilé kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní ṣe ni wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń nù wọ́n fúnra mi ní Sátidé, bí o ti máa ń ṣe.

Mo ṣì rántí ẹni tó ni wọ́n. Ti ará Ṣáínà tó ń ta táìlì ní Amuwo rèé, tí ẹ̀yìn eyín iwájú rẹ̀ ní kòtò bí inú ṣíbí. O ní ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn ìlú rẹ̀ ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀, pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ti Ernest aládùúgbò wa rèé, ẹni tí eyín ọgbọ́n rẹ̀, èyí tó máa ń gbẹ̀yìn hù, kò hù títí ó fi darúgbó, tí o sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá jọ jókòó. O máa ń sọ pé eyín àwọn baba ńlá ọmọ aráyé tóbi ju tiwa lọ, pé láti ìgbà tí èèyàn ti mọ iná dá, tó ń se oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́, tó ń gún un, tó ń lọ̀ ọ́, ni eyín àti àgbọ̀n ti ń kéré sí i láti ìran dé ìran. Ọ̀rọ̀ kan ni o sì máa fi ń dé e: ìyàtọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn ará klóòsì kan ṣoṣo, àdúgbò kékeré bíi tiwa yìí, lè ju èyí tó wà láàárín ìlú kan sí ìkejì lọ. Mo gbọ́ ọ títí etí mi kún. Mi ò mọ̀ pé mi ò gbọ́.

Tìrẹ ló wà nítòsí fèrèsé, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ nù. Èjí rẹ wà níbẹ̀ láàárín eyín iwájú méjèèjì. Àní èjí yẹn ni mo kọ́kọ́ rí lára rẹ, lọ́jọ́ tí o wá gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì wa, tí o rẹ́rìn-ín sí mi, tí mo ṣi òǹtẹ̀ lù. Bí mo bá ń yìn ọ́ nítorí rẹ̀, wàá ní, "Bàbá Ṣínà, wọ́n pa á ni." Èmi náà á ní àwàdà lò ń pa.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a sin ọ́ ni Dorothy, ìyàwó Ṣínà, bí obìnrin. Mo ní Yétúndé ni, ìyá ti padà wá. Ṣínà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kò gbà pé òkú ń padà wáyé, ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Inúmidùn. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ku èmi àti ọmọ, Yétúndé ni mo ń pè é. Mo máa ń sọ fún un pé kó dúró ná, bí eyín àgbà rẹ̀ bá hù, yóò rí èjí ìyá àgbà níbẹ̀. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Nígbà tí eyín òkè rẹ̀ yọ, èmi àti òun la jọ jù ú sórí òrùlé, kí alángbá má baà rí i. A wá ń retí.

Eyín náà hù lọ́dún yìí. Rosaline, kò sí èjí. Àwọn méjèèjì fún mọ́ra, ọ̀kan tilẹ̀ gun èkejì díẹ̀, bí tèmi gan-an ṣe rí kí wọ́n tó ká a lẹ́nu mi. Wọ́n ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Ọmọ jọ ṣòkòtò, inú mi sì bàjẹ́. Ó bàjẹ́ débi pé mi ò lè fi pamọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà.

Yíwọlá àbúrò rẹ wá kí mi láti Alákijà lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sì ráhùn fún un. Ẹ̀rín ló bú sí. "Ah, Bọ̀dá Bánjí, èjí wo? Ṣebí wọ́n pa á fún Àǹtí mi ni, ní Ìṣarà, ká tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi ni mo di ọwọ́ Àǹtí mú. Ayùn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Àǹtí ò sọ fún yín ni?"

O sọ fún mi. Gbogbo ìgbà lo ń sọ fún mi. Ohun tí ayùn bá ṣe sí eyín kì í wọnú ẹ̀jẹ̀, kò sí ọmọ tó lè jogún rẹ̀. Ìwọ lo fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ọkọ rẹ ló jókòó sílé tó ń retí èjí.

A ò mọ̀ pé ọmọ, tó wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ń gbọ́ wa. Lọ́jọ́ kejì, Dorothy bá a ní balùwẹ̀ ilé wọn, ó ti ayùn tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ́ èékánná bọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì rẹ̀. Ó ní òun ń pa èjí fún Bàbá àgbà.

Dorothy kò bú mi. Ì bá tún sàn kó bú mi. Ó kàn gbé ọmọ wá bá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ bá a sọ̀rọ̀." Ọmọ jókòó síwájú mi, òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, tó bá jẹ́ Inúmidùn nìkan ni mí ńkọ́?"

Mo gbé e mọ́ra, mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí a sin ọ́. Dókítà ti wò ó, ó ní eyín náà kò bàjẹ́ jù, yóò dára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú sì ń tì mí.

Ó ku ohun kan. Lára eyín pí-ó-pì rẹ, kókó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ẹ̀yìn tí a fi ń rún oúnjẹ. O fi hàn mí nígbà kan, o ní èyí gan-an ni ìyá rẹ bí mọ́ ọ, pé ìyá rẹ ní in, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò yìn ọ́ nítorí rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn Inúmidùn ti hù. Lánàá, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo ní kó la ẹnu. Ó là á gbàgà. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò, ó ń wá ohun tí ojú mi máa sọ.

Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Pa ẹnu dé, Inúmidùn." Mi ò wò ó. Mi ò sì ní wò ó láéláé.

O ò padà wá, Rosaline. Ọdún méje ni mo fi sá fún gbólóhùn yìí. Àyè rẹ ṣófo nínú ilé yìí, mi ò sì gbọdọ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ dí i. Kó máa ṣófo bẹ́ẹ̀. Èmi, Ṣínà, Dorothy àti Inúmidùn wọn, ọkàn wa ń fà sí ọ lójoojúmọ́. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà náà, mo fẹ́ràn rẹ di ìsinsìnyí.

Wọ́n pa á ni. Mo ti gbọ́.