Màmá, Ẹ Dìde, Ìjókòó Yín Sì Ṣófo

Màmá wa, ọdún kẹta tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ pé lónìí. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ẹkún la fi ń rántí yín. Tọdún yìí yàtọ̀. Ẹ̀rù la fi ń rántí yín lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó máa sọ ọ̀rọ̀ dídùn.

Iṣẹ́ yín kò dúró. Ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ fọwọ́ ara yín dá sílẹ̀ ṣì wà. A ti parí yàrá ẹ̀yìn tí ẹ kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jọ. A kùn ún ní àwọ̀ ewé bí ẹ ṣe fẹ́, Bàbá wa sì ní ó jọ èèpo ọsàn tí kò pọ́n. Ẹ mọ ẹnu wọn. Ọmọ-ọmọ yín tí ẹ gbẹ̀bí rẹ̀ kẹ́yìn ti ń sáré káàkiri ilé. Ó ti fọ́ ife tíì yín, ó sì bú sẹ́kún kí ẹnikẹ́ni tó bá a wí. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín!

Èmi àkọ́bí yín ni mo jókòó sí tábìlì yín tí mò ń kọ èyí. Àbúrò mi, Aláròyé yín, ti di olùkọ́ àgbà nílé ìwé rẹ̀. Ó ti dáwọ́ lé nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Màmá, òun ló ń du ìjókòó yín nínú Ilé Aṣòfin Àgbà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe débẹ̀. Olórí ìjọba ló gbọ́ orúkọ yín, ó ní kí agbẹ̀bí yẹn wá jókòó láàárín àwọn àgbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ jókòó. Àga ibẹ̀ rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi yín léèrè ohunkóhun. Àfìgbà tí ilé yín ṣòfin tó ti àwọn ilé ìgbẹ̀bí abúlé pa! Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, "Ìyá, ta ló rán yín lọ síbẹ̀?" Ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn lẹ ti ń sọ pé kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ilé yẹn tí aráàlú kò dìbò yàn, títí kan ẹ̀yin alára.

Bàbá Adájọ́, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń jókòó síra yín níbẹ̀, kò gbà. Wọ́n ní tí ìjókòó náà bá ti di ohun tí èèyàn ń dù, ẹ̀jẹ̀ á bá a rìn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń pààyàn nítorí àga tí kò ṣe é jà gbà. Ẹ máa ń jiyàn títí tíì yín á fi tutù, ẹ óò sì tún jọ rẹ́rìn-ín.

Ìdìde ni wọ́n fi ń dìbò nínú ilé yẹn. Ẹni tó bá fara mọ́ òfin á dìde, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á jókòó, akọ̀wé ilé á wá máa ka àwọn tó dúró. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò lórí òfin tí ẹ gbé wá, pé kí aráàlú máa dìbò yan ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, àìsàn ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín. A ní kí ẹ sinmi nílé, ẹ fàáké kọ́rí. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn la fi tì yín dé ẹnu ilẹ̀kùn, èmi àti Aláròyé sì gòkè lọ sí ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó. Nígbà tí wọ́n pe ìbò, ẹ di àga mú, ẹ gbọ̀n, ẹ dìde! Ẹsẹ̀ yín yẹ̀. Bàbá Adájọ́ fò dìde, wọ́n gbá yín mú. Wọ́n dúró tì yín, wọ́n gbàgbé ara wọn, títí akọ̀wé fi kà dé ọ̀dọ̀ yín, tó sì ka ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹyọ ènìyàn kan ni òfin náà fi wọlé. Ẹyọ kan! Ìlànà ilé yẹn sì ni pé ẹni tí wọ́n bá ti kà, wọn kì í yọ ọ́ mọ́. Bàbá Adájọ́ jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín títí ẹ fi wúkọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ẹ fi lọ. Wọ́n fi aṣọ funfun bo àga yín bí ìṣe wọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa ṣí i àfi ẹni tí aráàlú bá yàn.

Ìbò ọ̀hún ló dé yìí. Màmá, ẹ wá wò ó! Ọkọ̀ dúdú kan tí kò ní nọ́ńbà ń dúró síwájú ilé ìgbẹ̀bí láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn aláboyún ti ń gba ẹ̀yìn wọlé, àwọn mìíràn kò wá mọ́. Àwọn tí a kò mọ̀ gé ojú kúrò lára gbogbo fọ́tò Aláròyé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú nìkan. Fóònù á dún, a óò gbé e, èémí ẹnì kan la máa gbọ́.

Lánàá, kápẹ́ńtà kan kan ilẹ̀kùn, téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Aláròyé ló ṣí i fún un. Kápẹ́ńtà kí i kú ọ̀fọ̀, ó ní àwọn kan ló ní kí òun wá wọn pósí fún ọkùnrin gíga kan nílé wa. Ó wá gbójú sókè, ó wo ọmọ yín láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ká téèpù rẹ̀, ó sì sá jáde.

Bàbá Adájọ́ wá láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe máa ń wá lọ́dọọdún. Wọ́n ti hun jọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n tó bí: "Ọmọ mi, fi àga yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ọ̀ràn yìí."

Aláròyé gbé wọn dìde. Ó ní, "Bàbá, Màmá dìde nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́. Èmi tí ẹsẹ̀ mi le koko, ẹ ní kí n jókòó? Ká ní ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé akọ̀wé máa kà yín ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá jẹ́ kí Màmá ṣubú ni?"

Bàbá Adájọ́ wo àwòrán yín lára ògiri, omi sì bọ́ lójú wọn. Màmá, n kò mọ ẹni tó jàre nínú ẹ̀yin méjèèjì mọ́. Ìbéèrè obìnrin yẹn ṣì wà létí mi, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà kò sì kúrò níbẹ̀. Bóyá ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Aláròyé jáde lọ bá àwọn olùdìbò sọ̀rọ̀ ní pápá ilé ìwé. Ó ní òun á dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Oúnjẹ ti jinná, ó ti tutù. A pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Ọkọ̀ dúdú yẹn kò sí níwájú ilé ìgbẹ̀bí lónìí, ó sì yẹ kí inú mi dùn sí i. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bàbá wa ti gbé àga síta, wọn ò gbà kí n ti ilẹ̀kùn.

Màmá, a nífẹ̀ẹ́ yín. Àárò yín ń sọ wá, kò dín rárá, Aláròyé ló tilẹ̀ ń sọ jù nínú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nírọ̀lẹ́ yìí pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀ yẹn, ẹ ṣàánú wa. Ẹ má nawọ́ sí i. Tó bá kan ilẹ̀kùn, Màmá, ẹ má ṣí i.